Òkè Oníná Tristan da Cunha: Ilé Ni Àbọ̀ Ìsinmi Oko



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa òkè oníná rí, ṣùgbọ́n a kò fi ojú rí i, nítorí kò sí èyí tó ń yọ iná ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ìtàn erékùṣù kan ṣàlàyé rẹ̀, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà.

Tristan da Cunha ni orúkọ erékùṣù náà. Àárín òkun Àtìláńtíìkì, ní ìhà gúúsù, ló wà. Láti ibẹ̀ dé Cape Town ní South Africa tó nǹkan bí 2,800 kìlómítà. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀; ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Tristão da Cunha, ló kọ́kọ́ rí i ní 1506. Ní 1816 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sójà lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn sójà náà kúrò, William Glass, ọmọ Scotland, àti ìdílé rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ní 1817 òun àti àwọn tó kù kọ ìwé àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa pín ohun ìní, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣe ọ̀gá lórí ẹnìkejì.

Gbogbo erékùṣù yìí, òkè oníná kan ṣoṣo ni. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun, orí rẹ̀ sì ga ju 2,000 mítà lọ. Abúlé kan péré ló wà níbẹ̀, Edinburgh of the Seven Seas, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkè àti òkun.

Báwo wá ni òkè ṣe ń yọ iná? Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru pọ̀ débi pé òkúta ń yọ́. Òkúta tó yọ́ yìí fúyẹ́ ju èyí tó le tó yí i ká lọ, nítorí náà ó ń wá ọ̀nà gòkè. Oru wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí a dé. Bí kò bá rí ọ̀nà, yóò máa ti ilẹ̀. Ilẹ̀ yóò mì, yóò wú, yóò sì là. Òmíràn máa ń ṣàn bí omi. Òmíràn a ki bí àmàlà, a máa gun ara rẹ̀ lórí, a sì máa rọra wọ́ lọ.

Láti ìgbà William Glass, kò sí ẹni tó rí iná òkè náà. Bàbá kú, ọmọ jogún. Wọ́n ń gbin pòtétò, wọ́n ń pẹja. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì, òkúta sì ń já bọ́ láti ara òkè. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ilẹ̀ là lẹ́bàá abúlé, ó sì wú sókè bí òkìtì ọ̀gán. Wọn kò dúró wòran. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Nightingale tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Tjisadane ti ilẹ̀ Họ́láńdì kó wọn lọ sí Cape Town, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dé England. Ọmọ erékùṣù náà tó lọ jẹ́ 264. Iná náà kò pa ẹnì kankan, nítorí pé wọ́n tètè kúrò, àti pé òkúta yíyọ́ náà ki. Ó bo ilé iṣẹ́ ẹja mọ́lẹ̀ àti èbúté tí wọ́n ń fà ọkọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò bo abúlé.

Ní England wọ́n rí iṣẹ́, wọ́n rí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n àìsàn àyà dà wọ́n láàmú, ariwo ìlú sì sú wọn. Ní 1962 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ wo erékùṣù náà, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ṣì dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n dìbò: 148 ní àwọn yóò padà sílé, 5 péré ló ní àwọn yóò dúró. Kí ọdún 1963 tó parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti wà nílé.

Àwọn kan lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ewu yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun sá. Àwọn wọ̀nyí ti sá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mọ àmì rẹ̀. Òkè náà kò sì tíì kú: ní 2004 ilẹ̀ tún mì, iná yọ lábẹ́ òkun nítòsí Nightingale, òkúta fífúyẹ́ sì ń léfòó lórí omi. Síbẹ̀, ènìyàn tí kò tó 300 ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun tó sùn kọ́ ló kú. Bí ilẹ̀ bá fi àmì hàn, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Bí ewu bá sì kọjá, ẹ rántí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.