Yíyẹ Igi Àgbàlá Wò: Ìdí Igi Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìwé àlàyé fún àwọn òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀

Ní kúkúrú

- Ọ̀pọ̀ igi tó ń ṣàìsàn nínú àgbàlá, ìdí rẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí ewé.
- Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí èèyàn ṣe sí igi náà (sìmẹ́ǹtì, iná, gbòǹgbò gígé, okùn) kí ẹ tó wá kòkòrò tàbí àrùn.
- Ẹ má fín oògùn, ẹ má sì gé igi, títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe é.
- Igi tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà lè tutù yọ̀yọ̀ lórí. Ẹ má jẹ́ kí ewé tàn yín.

Ohun tó fa ìwé yìí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Kano kí n wá wo igi dongoyárò tí ẹ̀ka rẹ̀ kan gbẹ. Mo wo ewé, mo wo ẹ̀ka, mo wá kòkòrò, n kò rí. Orí igi náà tutù. Mo ní kí wọ́n gé ẹ̀ka tó gbẹ, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé, igi náà wó lu ilé ewúrẹ́. Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ tó máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Mo padà lọ wo gbòǹgbò tó hú síta. Wọ́n ti gé apá kan rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi, ibi tí wọ́n gé sì ti jẹrà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀ka tó gbẹ wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ onílé ì bá ti jẹ́ kí n mọ̀, ṣùgbọ́n n kò béèrè.

Igi àgbàlá yàtọ̀ sí igi oko

Bí àrùn bá wọ oko máńgòrò, ara ọ̀pọ̀ igi la ti máa ń rí i. Igi àgbàlá sábà máa ń dá dúró, àárín èèyàn ló sì ń gbé. Ẹsẹ̀ èèyàn àti táyà mọ́tò ti tẹ ilẹ̀ rẹ̀ le. Wọ́n ń da omi ìfọṣọ àti ọ́ìlì mọ́tò sí i, wọ́n ń dáná nídìí rẹ̀, wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn, wọ́n sì ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tó ń fa omi fún igi kò jìn nílẹ̀. Nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn wà, wọ́n sì máa ń nà kọjá ibi tí òjìji igi dé. Nítorí náà, kòtò tí wọ́n gbẹ́ tàbí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ síbi tó jìnnà sí igi lè pa á lára. Ó sì lè tó ọdún díẹ̀ kí àmì rẹ̀ tó hàn, nígbà tí àwọn ará ilé ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ẹ kí àwọn àgbà ilé kí ẹ tó kọjú sí igi. Ẹ má ṣe bá baálé nìkan sọ̀rọ̀: ìyá tó ń gbálẹ̀ àgbàlá ló sábà máa ń mọ̀ jù, nítorí òun ló ń kó ewé tó ń já. Ẹ béèrè pé:

1. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i? Ṣé ojijì ló dé, àbí díẹ̀díẹ̀?
2. Kí lẹ kọ́ tàbí kí lẹ gbẹ́ nítòsí igi yìí láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn?
3. Kí lẹ máa ń dà sí ìdí rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń dáná síbẹ̀?
4. Ṣé ẹ ti fín oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko níbí?
5. Irú igi yìí tó wà nílé aládùúgbò ńkọ́?

Bí igi oríṣiríṣi àti òdòdó tó wà lójú kan náà bá jọ ń gbẹ, ẹ fura sí ilẹ̀, iná tàbí oògùn apakoríko. Bó bá jẹ́ irú igi kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn káàkiri àdúgbò, ẹ fura sí kòkòrò tàbí àrùn.

Bí a ṣe ń yẹ igi wò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Ẹ mú ọ̀bẹ mímú, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, òòlù onígi àti ṣọ́bìrì kékeré dání.

*Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dúró lókèèrè.* Ẹ yí igi náà po. Ṣé ó ti tẹ̀? Bó bá tẹ̀, ẹ lọ wo ilẹ̀ ní òdìkejì ibi tó tẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá sán tàbí tó wú sókè, gbòǹgbò ti ń tú. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

*Ìgbésẹ̀ 2: Ìdí igi.* Ẹ gbá ewé àti ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ sì wa erùpẹ̀ díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí gbòǹgbò ti yà. Ìdí igi tó dára máa ń fẹ̀ bí ìdí odó. Bó bá wọlẹ̀ gbọnrangandan bí òpó iná, wọ́n ti da erùpẹ̀ bò ó. Ẹ fi ọ̀pá irin gún gbòǹgbò ńláńlá: èyí tó dára máa le, èyí tó ti jẹrà máa gba irin wọlé. Ẹ wá olú líle tó yọ bíi pẹpẹ, irú èyí tí à ń pè ní Ganoderma. Bí ẹ bá rí i, igi inú ti ń jẹrà nìyẹn. Kíká olú náà kúrò kò wo àrùn náà sàn.

*Ìgbésẹ̀ 3: Ara igi.* Ẹ wá ojú ọgbẹ́, oje tó ń ṣàn, ihò tí lẹ́búlẹ́bú igi ń jáde níbẹ̀, àti wáyà tàbí okùn tó ti ha igi lọ́rùn. Ẹ fi òòlù kan án yíká: ibi tó bá dún bí ìlù lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Bí ẹ bá rí ilé ikán lára rẹ̀, ẹ há a kúrò kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà púpọ̀, èèpo tó ti kú ni ikán ń jẹ, igi abẹ́ rẹ̀ ṣì yè.

*Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ̀ka.* Ẹ fi ọ̀bẹ há èèpo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé tó sì tutù, ó yè. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì gbẹ, ó ti kú. Ẹ máa há a lọ títí ẹ ó fi rí ààlà láàárín òkú àti ààyè.

*Ìgbésẹ̀ 5: Ewé.* Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wo ewé. Ṣé ewé àgbà ló ń pọ́n, àbí ewé tuntun? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni, àbí gbogbo orí igi? Ẹ yí abẹ́ ewé sókè. Ẹ rántí pé ewé tuntun máńgòrò a máa pọ́n kó tó di àwọ̀ ewé, dongoyárò náà sì ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àìsàn.

Mẹ́rin tí a sábà máa ń ṣì mú

*Máńgòrò tí ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.* Ẹ fi ìka tútù nu ewé náà. Bí dúdú náà bá bọ́, kò wọ inú ewé. Ẹ wo abẹ́ ewé: ẹ ó sábà rí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun, Rastrococcus invadens. Éṣíà ló ti wá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Gánà àti Tógò. Ó ń fa oje ewé, ohun dídùn tó ń tu jáde sì ń kán sórí àwọn ewé ìsàlẹ̀, níbi tí dúdú yẹn ti ń hù. Ní 1987, wọ́n tú agbọ́n kékeré kan tí wọ́n mú wá láti Íńdíà, Gyranusoidea tebygi, sílẹ̀ ní Tógò. Agbọ́n yìí ń yé ẹyin sínú kòkòrò funfun náà, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ pa. Kì í ta èèyàn. Oògùn apakòkòrò tí a bá fín máa ń pa agbọ́n yìí náà, ọ̀tá wa á sì tún pọ̀ sí i. Ẹ gé ẹ̀ka tí kòkòrò bò jù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ èyí tí ọwọ́ bá tó, kí ẹ sì dí ọ̀nà èèrà tó ń gun igi, nítorí èèrà ló ń ṣọ́ kòkòrò náà.

*Dongoyárò tí ewé rẹ̀ já tó ku ti orí ẹ̀ka nìkan.* Ní ọdún 1928 ni wọ́n mú dongoyárò wá láti Gánà sí Maiduguri. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní Niger àti ní òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ewé àgbà, ẹ̀ka wọn wá gùn bí ọrùn àgùnfọn pẹ̀lú ìdì ewé lórí. Àwọn onímọ̀ wá àrùn kan pàtó tó fà á, wọn kò rí i. Ọ̀dá omi àti ìnira ilẹ̀ ni ẹ̀rí tọ́ka sí. Omi àti ilẹ̀ tó rọ̀ ni irú igi bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí èépá pupa rúsúrúsú bá bo ewé àti ẹ̀ka, tí ẹ lè fi èékánná yọ ọ́, kòkòrò ni, Aonidiella orientalis, èyí tó ba dongoyárò jẹ́ káàkiri agbègbè Adágún Chad. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí, kí ẹ má sì gbé wọn lọ sí àdúgbò mìíràn.

*Àgbọn tó ń pọ́n.* Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n ṣùgbọ́n tí èso dúró, ẹ kọ́kọ́ wo omi àti oúnjẹ ilẹ̀. Bí èso kékeré àti ńlá bá ń já, tí òdòdó rẹ̀ dúdú, tí pípọ́n sì ń gun òkè láti ìsàlẹ̀, ẹ fura sí àrùn tí wọ́n rí ní Cape St. Paul ní Gánà ní 1932, tí a mọ̀ sí àrùn Awka ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn tí onílé lè fi wò ó sàn. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn létí kíá.

*Ẹ̀ka kan tó tutù ju ìyókù lọ.* Ó lè jẹ́ àfòmọ́, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kauci. Omi igi ló ń fà mu. Ẹ gé ẹ̀ka tó dì mọ́ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ojú ibi tó ti wọlé, kí èso rẹ̀ tó pọ́n, nítorí ẹyẹ ló ń gbé e káàkiri.

Ìgbà tí igi ti di ewu

Ẹ bi ara yín ní ohun méjì: ṣé ó lè wó? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Igi oníhò tó wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé lè dúró. Èyí tó na ẹ̀ka sórí yàrá àwọn ọmọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Bí igi bá ṣófo nínú, igi líle tó yí ihò náà ká gbọ́dọ̀ tó, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n láti àárín igi dé èèpo. Bí ìbú igi bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, igi líle náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 10. Bí ihò náà bá lanu síta, tàbí tí gbòǹgbò ti jẹrà, ewu pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n gé igi, ẹ wò ó bóyá gígé ẹ̀ka tó wúwo tàbí gbígbé ìjókòó àti ilé ewúrẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ á tó. Bó bá di dandan láti gé e, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó gé e. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn oníná.

Bí ẹ ó bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò

- Ẹ má mú ohun tó ti kú pátápátá. Ààlà òkú àti ààyè ni kí ẹ ti gé e.
- Ẹ fi ìwé ìròyìn wé ewé, kì í ṣe ọ̀rá. Gbòǹgbò pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú ọ̀rá.
- Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Kó dé láàárín ọjọ́ méjì.
- Ẹ kọ irú igi, ìlú, ọjọ́, àti ìdáhùn àwọn ará ilé mọ́ ọn. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì bí ewé náà.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

- Ẹ má da sìmẹ́ǹtì sínú ihò igi. Kì í dá jíjẹrà dúró.
- Ẹ má fi ọ̀dà tàbí ọ́ìlì mọ́tò kun ojú ọgbẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka náà dáadáa lẹ́bàá ọrùn rẹ̀, igi á fúnra rẹ̀ dí i.
- Ẹ má gé gbogbo orí igi kúrò nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Ewé tó kù ló fi ń jẹun.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ ya àwòrán igi náà láti ojú ibi kan náà, kí ẹ sì padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé lọ́dọọdún. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdí igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.