Bí Òbí Ṣe Lè Ran Ọmọ Tí Ó Ń Ṣe Eré Ìdárayá Lọ́wọ́

Àwọn òbí kan gbà pé ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ń fi àkókò ìwé ṣòfò. Àwọn mìíràn, owó ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń rí lẹ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìhà méjèèjì yìí lè pa ọmọ lára.

Eré ìdárayá ń mú egungun le, ó sì ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba, ṣe ohun tí yóò mú un mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ̀yin òbí ni ẹ ó ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

1. Ẹ jẹ́ kí ó yan eré tí ó wù ú. Chioma Ajunwa wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà tí ó lọ sí Ìdíje Ife Àgbáyé ní ọdún 1991. Ní Olympics Atlanta ní ọdún 1996, eré fífò jìnnà ni ó fi gba wúrà, nígbà tí ó fò mítà 7.12. Ẹ má ṣe so ọmọ mọ́ eré kan ṣoṣo. Ẹ má sì dá ọmọbìnrin dúró.

2. Ẹ fún un ní oúnjẹ ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú eré. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dára. Iṣu àti ẹyin náà dára. Ẹ bu omi mímọ́ sínú ike fún un, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú oòrùn.

3. Bí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́, kí ó dáwọ́ eré dúró. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún bí 15 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

4. Ọmọ tí ó bá forí gbá kò gbọdọ̀ padà sí pápá lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ń bì, tí oorun ń kùn ún ju bó ti yẹ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

5. Ẹ má ṣe ti ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí àsímà mọ́lé. Ẹ bi dókítà léèrè irú eré tí ó bá a mu, kí ẹ sì sọ ipò rẹ̀ fún olùkọ́.

6. Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn létí pápá, ẹ má sì fi í wé ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó bẹ̀rù ìbáwí kò ní sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun; yóò máa tiro sáré títí ìpalára kékeré yóò fi di ńlá.

Nígbà tí ó bá ti pápá dé, kí ẹ tó bèèrè ẹni tí ó borí, ẹ bi í pé: "Ṣé o gbádùn eré náà? Ṣé ibì kankan ń dùn ọ́?" Ọmọ tí a ń bi bẹ́ẹ̀ kì í fi ìrora pamọ́ fún òbí rẹ̀.