Asẹ́ Epo Inú Ayùn Oníṣéènì: Yíyàn àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin agégi Abúlé Ẹ̀gbá, títí dé ọ̀nà Ọ̀tà àti Ìfọ̀, ayùn oníṣéènì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àáké láàárín wa. Ohun kékeré kan wà nínú táńkì epo rẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tí ojú kì í sì í rí bí a kò bá wá a. Òun ni asẹ́ epo, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fítà. Àìbìkítà fún un lè pa ayùn tuntun.

Ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fa epo lọ sí kàbúrétọ̀ ni asẹ́ yìí wà. A ṣe é kí ó wúwo, nítorí pé agégi a máa dojú ayùn kọlẹ̀, a sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ibi tí epo bá dà sí ni asẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lọ. Ẹ sì rántí pé inú pẹtiróòlù gan-an ni a ń po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí mọ́. (Ọ́ìlì tí ẹ ń dà sí táńkì kejì, ti ṣéènì ni.) Nítorí náà, bí ìdọ̀tí bá dí asẹ́, bí epo ṣe ń wọ́n ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì náà ń wọ́n ọn. Písítìnì yóò gbóná rékọjá, yóò ha, yóò sì lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Ẹni tí ó bá ti ra méjèèjì rí mọ ohun tí à ń wí.

Àmì àkọ́kọ́ ni pé ayùn yóò máa dún dáadáa bí kò bá ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ igi, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì kú. Ẹ má ṣe tètè fi ọwọ́ kan kàbúrétọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì rọra ṣí ìdérí táńkì. Bí atẹ́gùn bá fà wọlé ṣìì, tí ayùn sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ihò atẹ́gùn táńkì ni ó dí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ asẹ́ wò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ lọ sí ọjà, kí ẹ sì wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ayùn. Ẹnu asẹ́ gbọ́dọ̀ bá rọ́bà mu gírígírí. Bí ó bá tóbi jù, rọ́bà yóò ya, bí ó bá kéré jù, yóò máa fa atẹ́gùn. Kí ó wúwo lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Fítà ọkọ̀ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni àkísà tàbí fóòmù tí a fi okùn so. Ẹ má sì ṣe yọ asẹ́ kúrò pátápátá nítorí pé iṣẹ́ ń kánjú.

Asẹ́ tí ó dára jù lọ kò lè gba ayùn lọ́wọ́ epo burúkú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó kọjá ìwọ̀n wà nínú pẹtiróòlù kan tí a kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Irú èyí a máa fa omi mọ́ra, asẹ́ kò sì lè yọ ọ́. Epo tí a bù lẹ́bàá páìpù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Abúlé Ẹ̀gbá kò nílò ìwé láti mọ èyí: ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, iná sọ níbi páìpù tí àwọn kan ti lu, ènìyàn tí ó ju igba lọ ni ó kú, ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná páìpù tún sọ ní àdúgbò kan náà. Ilé epo ni kí ẹ ti ra epo yín. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ títí di òwúrọ̀, kí ẹ tó po ọ́ìlì mọ́ ọn. Omi àti iyanrìn yóò sùn sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àrọ tí ó ní asẹ́ rọ ọ́. Ní ti ọ́ìlì, ìwé ayùn yín ni kí ẹ tẹ̀lé: bí ó bá ní 50 sí 1, mìlílítà 100 ni ti lítà pẹtiróòlù 5, bí ó bá ní 25 sí 1, mìlílítà 200 ni.

Láti pààrọ̀ asẹ́, ẹ jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ kọ́kọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ìdérí mọ́, nítorí pé ìyẹ̀fun igi tí ó bá já sínú táńkì yóò di asẹ́ tuntun náà. Ẹ tẹ wáyà bí ìwọ̀, kí ẹ fi rọra fa rọ́bà jáde. Ẹ má fi ẹ̀mú mímú fún un. Ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà náà wò: bí ó bá ti le tàbí tí ó ti sán, ẹ pààrọ̀ òun náà. Asẹ́ tí a fi òwú ṣe, a kì í fọ̀ ọ́ kí a fún un. Ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ tí iṣẹ́ oko ṣíṣán pọ̀.

Bí ayùn yóò bá sinmi ju oṣù kan lọ, ẹ da epo inú táńkì padà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi jó èyí tí ó kù nínú kàbúrétọ̀ tán, tí yóò sì kú fúnra rẹ̀.