Kọ̀ǹpútà Yín Lè Di Oscilloscope, Àmọ́ Ẹ Kọ́kọ́ Dáàbò Bò Ó

Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe máa ń dé ibì kan tí míta kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Míta á sọ iye fóltì tó wà lórí waya, ṣùgbọ́n kò ní fi bí iná yẹn ṣe ń lọ sókè sódò hàn. Iṣẹ́ oscilloscope nìyẹn: ó máa ń ya iná sójú screen bí ìgbì omi. Àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọ iléèwé. Ṣé ẹ wá mọ̀ pé irú rẹ̀ kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ̀ ń lò?

Sound card ni. Tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, iná kékeré tó ń ti ara máìkì bọ̀ ló ń wọ̀n, ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò mọ̀ bóyá orin ni àbí nǹkan mìíràn. Iná ni iná ń jẹ́ lójú ẹ̀. Torí náà, tá a bá fún un ní iná láti inú rédíò, á ya ìyẹn náà fún wa.

Ibi tí ewu wà ni pé nǹkan bíi fóltì 1 péré ni line-in ń retí. Ihò aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má lo ihò máìkì, torí iná tí ìyẹn ń retí tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí fóltì 12 bá já wọ line-in, ó lè jó. Inú motherboard gan-an ni sound card wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kẹ́ ẹ ra sound card USB tó ní line-in. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ fara gbá a.

Ààbò náà

Ẹ wá capacitor 0.1 µF kan, resistor 100 kΩ kan, resistor 10 kΩ kan àti diode 1N4148 méjì. Waya tó ń bọ̀ láti ara ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò á gba inú capacitor, lẹ́yìn náà inú 100 kΩ, kó tó dé line-in. Níbi tí 100 kΩ ti pàdé line-in, ẹ so 10 kΩ síbẹ̀, kẹ́ ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ ground. Ẹ wá so diode méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ 10 kΩ yẹn, kí ọ̀kan kọjú sí ground, kí èkejì kẹ̀yìn sí i.

Capacitor ń dá iná bátìrì dúró, ìgbì nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Resistor méjèèjì ń pín fóltì, ìdá kan nínú mọ́kànlá ló ń dé line-in: fóltì 3 á di nǹkan bíi 0.27. Diode sì dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Tí fóltì ò bá tíì tó nǹkan bíi 0.6, kò ní dá sí i. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á ṣílẹ̀kùn, á darí iná náà sí ground. Ká ní ìgbì tó tó fóltì 30 ṣèèṣì wọlé, nǹkan bíi 0.3 milliampere péré ni 100 kΩ á jẹ́ kó kọjá. Diode á gbé ìyẹn láìmira.

Ẹ dán an wò

Ẹ fi Audacity sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa dún ní 1,000 Hz, kẹ́ ẹ so waya etí rẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ra dáadáa, ẹ máa rí i pé ìgbì kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Tí orí ìgbì bá tẹ́ pẹrẹsẹ, iná náà ti pọ̀ jù, diode ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ó ní ibi tágbára rẹ̀ mọ o. Kò lè rí ohun tó bá kọjá nǹkan bíi 20,000 Hz, kò sì lè wọn bátìrì.

Iná NEPA ńkọ́?

Rárá o! Ní fóltì 230, ooru tó tó nǹkan bí ìdajì watt ni 100 kΩ máa gbà, bẹ́ẹ̀ ìdámẹ́rin watt ni wọ́n ṣe èyí tó kéré fún. Èyí tó tún burú jù ni pé ground yín àti ara kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni. Tí waya tí iná wà lórí ẹ̀ bá kan ground, ara kọ̀ǹpútà àti earphone etí yín lè gbé fóltì 230. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ààbò kọ̀ǹpútà ni diode, kì í ṣe ààbò ẹ̀mí. Ohun tó ń lo bátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá sì jẹ́ laptop lẹ̀ ń lò, ẹ yọ ṣájà rẹ̀.

Rédíò bátìrì tí ohùn rẹ̀ ń há ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi waya tọ ohùn náà láti volume control dé ẹnu spíkà. Ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ bà jẹ́ ni kẹ́ ẹ ti wá àrùn rẹ̀.