Ọjọ́ Kan ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àti Ọ̀rọ̀ Omi Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko baba ẹni tí ó tóbi tó ti baba òun. Ẹni tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà, nígbà ooru àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, gígùn ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Yorùbá ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò yìí, oòrùn a ti yọ kí agogo márùn-ún òwúrọ̀ tó lù, kì í sì í wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Nítorí náà àlejò tí kò kánjú lè fi ẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ó sì rí ohun púpọ̀. Bí ó bá sì fi ara balẹ̀, ìrìn ọjọ́ náà yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan nípa omi, tí ó níye lórí ju gbogbo ilé gíga tí ó rí lọ.

Ó dára kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kàtídírà ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́. Iná ńlá ọdún 1666 ni ó jó èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Christopher Wren ni ó sì ya àwòrán tuntun, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1675. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí àgbélébùú jẹ́ 365 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè gun àtẹ̀gùn 528 dé òkè, kí ó wo gbogbo ìlú, pẹ̀lú odò Thames tí ó ń wọ́ kọjá láàárín rẹ̀ bí ejò.

Ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre wà. Ní ara odi rẹ̀, àlejò yóò rí ibi omi mímu kékeré kan tí a fi òkúta ṣe, pẹ̀lú ife irin méjì tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá láìwò ó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1859, tí a ṣí i, ohun ńlá ni. Nítorí òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ṣe ní ìlú náà, kí tálákà lè mu omi mímọ́ láìsan owó. Kí ni ó dé tí ife omi kan fi di ohun tí ènìyàn ń kó ara jọ fún ní ìlú tí odò ńlá ń ṣàn láàárín rẹ̀? Ìdáhùn wà ní iwájú.

Bí àlejò bá rìn síhà ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tí kò tó máìlì méjì, yóò dé àdúgbò Soho. Ọjà kan wà ní òpópó Berwick níbẹ̀, ó lè ra èso díẹ̀ kí ó máa jẹ ẹ́ lọ. Nítòsí ọjà náà, ní òpópó Broadwick, tí a ń pè ní Broad Street nígbà àtijọ́, pọ́ńpù omi kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sì ní ọwọ́. Àwòrán pọ́ńpù àtijọ́ ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìní ọwọ́ kí ìtàn rẹ̀ má baà parun.

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò yìí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó lé ní 500 ènìyàn tí ó kú, lórí ilẹ̀ tí ènìyàn lè rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà gbàgbọ́ pé òórùn búburú ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Dókítà John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní inú omi mímu ni ó ń bá wọ ara. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ibi tí àwọn tí ó kú ti ń pọn omi, ìdáhùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: pọ́ńpù Broad Street.

Ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí, ènìyàn 535 ni ó ń gbé inú rẹ̀. Márùn-ún péré ni ó kú, nítorí wọ́n ní kànga tiwọn. Ní ilé ìpọntí òpópó náà, àrùn náà kò pa òṣìṣẹ́ kankan, nítorí wọn kì í lọ sí ìdí pọ́ńpù náà. Ọtí ni wọ́n ń mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí yin ọtí: omi burúkú tí wọn kò mu ni ó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n opó kan ní Hampstead, tí ó jìnnà réré sí ibẹ̀, kú. Ó ti gbé ní Broad Street rí, adùn omi náà sì wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń mú kí a máa gbé e wá fún òun. Ìbátan rẹ̀ obìnrin kan mu nínú rẹ̀, ó padà sí ilé ní Islington, òun náà sì kú. Islington yìí ni Samuel Àjàyí Crowther ti kẹ́kọ̀ọ́ kí a tó fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, nípa ìmọ̀ràn Snow, wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ńpù náà. Àrùn náà ti ń rọlẹ̀ nígbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá kúrò; síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò gba Snow gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Whitehead, ọ̀dọ́ àlùfáà ìjọ St Luke ní àdúgbò náà. Ó jáde láti fi hàn pé Snow ṣìnà. Nítorí pé ó mọ àwọn ènìyàn náà nínú ilé wọn, wọ́n sọ ohun gbogbo fún un. Níkẹyìn ó rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ní ilé tí ó súnmọ́ pọ́ńpù ti ṣàìsàn kí àjàkálẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń da omi tí ó fi fọ ìlédìí rẹ̀ sínú ṣáláńgá iwájú ilé. Nígbà tí a hú ilẹ̀ náà, a rí i pé àárín ṣáláńgá àti kànga kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, bíríkì rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni ìyá náà ń tọ́jú, kò mọ̀. Whitehead kò tijú láti jẹ́wọ́ pé òun ni ó ṣìnà, ó sì di ọ̀rẹ́ Snow. A máa ń wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, òun náà sì ni ó fà á tí a kì í fi í fura sí i. Omi Broad Street mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu.

Nígbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí, kí àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Thames, bí máìlì kan sí Soho. Ọ̀nà gbígbòòrò kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Victoria Embankment. Igi ńláńlá ṣíji bò ó, ìjókòó sì wà fún ẹni tí ó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, aago ńlá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì ń dún lókè. Ní ìgbà ooru ọdún 1858, ta ni ì bá jókòó níbẹ̀? Ìgbẹ́ ìlú ń ṣàn sínú odò náà, ó sì ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rẹ aṣọ ìkélé fèrèsé àwọn aṣòfin sínú oògùn tí ń pa òórùn. Ohun tí ikú àwọn tálákà kò tíì mú wọn ṣe, òórùn tí ó dé imú wọn mú wọn ṣe é: ní oṣù kẹjọ ọdún náà wọ́n ṣe òfin, wọ́n sì pèsè owó.

Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó la ojú ọ̀nà ẹ̀gbin ńláńlá sí abẹ́ ilẹ̀, gígùn wọn jẹ́ máìlì 82, bíríkì tí ó lò sì jẹ́ mílíọ̀nù 318. Embankment tí àlejò jókòó lé, tí a ṣí ní ọdún 1870, ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ odò ni. Ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà ẹ̀gbin náà ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1866, ní apá ìlà-oòrùn ìlú tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, àrùn onígbáméjì tún pa èyí tí ó lé ní 5,000 ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, kò tún jà bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Síbẹ̀ ìmọ́tótó kì í ṣe iṣẹ́ àṣeparí: ìlú ń gbèrú sí i, a sì ní láti la ojú ọ̀nà tuntun, gígùn rẹ̀ kìlómítà 25, èyí tí a so pọ̀ tán ní ọdún 2025.

Báyìí ni oòrùn yóò wọ̀ fún àlejò létí odò, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá. Kí òǹkàwé má ṣe wí pé ìtàn ìlú òkèèrè ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn yìí kan náà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ máìlì 82 sí abẹ́ abúlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Whitehead rí wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù baálé. Kí a se omi mímu kí ó hó. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó jẹun. Kí a má ṣe da omi ìlédìí ọmọ sí ìtòsí kànga. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, kí a po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú lítà kan omi tí a ti sè, kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí yóò bá sì gbẹ́ ṣáláńgá ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí ó kọ́kọ́ dúró létí kànga, kí ó ka ogójì ìṣísẹ̀ sí ìhà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó tó gbé ọkọ́ lé ilẹ̀.