Oníwàásù níwájú Ọ̀rọ̀ tí ó Ń Pín Ìlú Níyà

Ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni í jókòó níwájú oníwàásù. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú lọ sí ọjà, sí oko àti sí ibi iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ bá délẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ òfin ẹ̀sìn, ti ìdìbò, tàbí ti ilẹ̀ tí ẹ̀yà méjì ń dù, ohùn oníwàásù kì í ṣe ohùn ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìlú Kàdúná ti fi ojú rí i. Ní ọdún 1992, ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Zangon Kataf tàn dé ìlú náà. James Wuye wà lára àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni tí ó jáde láti jà. Ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìhà kejì, Muhammad Ashafa, tí í ṣe lèmọ́mù, pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Olúkúlùkù wọn ń wá ọ̀nà láti gbẹ̀san. Ní ọdún 1995, akọ̀ròyìn kan fa àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Láti inú ìpàdé náà ni ẹgbẹ́ ìlàjà tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní Kàdúná ti jáde.

Wuye jẹ́ pásítọ̀, síbẹ̀ ìkórìíra kò tètè kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ohun méjì ni ó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, Ashafa wá bẹ ìyá náà wò. Lẹ́yìn èyí, oníwàásù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan là á yé e pé ẹni tí ó kórìíra ènìyàn kò lè wàásù Kristi fún un.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé òye ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìwàásù. Oníwàásù tí ó mọ iye òkú tí a sin ní agboolé tirẹ̀, tí kò sì béèrè iye tí a sin ní òdìkejì, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ó tó gun àga ìwàásù, ó yẹ kí ó wádìí ìròyìn tí ó gbọ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, kí ó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru gbogbo ẹ̀yà tàbí gbogbo ẹlẹ́sìn. Ohun tí kò sì lè sọ lójú ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó má ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé èyí jẹ́ fífi òtítọ́ pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wuye àti Ashafa kò fi ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀. Olúkúlùkù wọn ti sọ ní gbangba pé òun fẹ́ kí ẹnì kejì wá sínú ẹ̀sìn òun. Jésù pàápàá kò sá fún ọ̀rọ̀ tí ó le. Nígbà tí amòfin kan bi í léèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì òun, ó pa ìtàn kan fún un, ará Samáríà, tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ni ó sì fi ṣe ẹni rere inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà korò létí àwọn tí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní ọdún 2000, nígbà tí a dábàá òfin Ṣàríà fún ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì àti ní oṣù karùn-ún, ẹ̀mí tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ sì ṣòfò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí ń ru ìjà sókè sílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjà tún bẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ìbọwọ́lùwé àwọn aṣáájú nìkan kò tó. Àfi kí a pa àdéhùn náà mọ́ ní ìjọ kéékèèké, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

A kì í dúró de ìgbà tí ilé bá ń jó kí a tó gbẹ́ kànga. Oníwàásù tí ó ti bá lèmọ́mù àdúgbò rẹ̀ jẹun, tí ó sì ti kí i nígbà ọ̀fọ̀, mọ ilé tí yóò kàn lóru ọjọ́ tí ìròyìn búburú bá dé. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, tí ìjọ rẹ̀ pé jọ láti gbọ́ ohun tí yóò wí, ohun tí ó mọ̀ dájú ni yóò sọ fún wọn.