KÍ Ẹ TÓ FI OWÓ RA RAM FÚN KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ Ń FALẸ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kó ìṣirò ọjà àti orúkọ àwọn onígbèsè sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí laptop. Bí laptop bá wá bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé, "Ẹ lọ fi RAM kún un." Òótọ́ ni pé RAM a máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó tí ẹ fẹ́ ná yìí, owó ọjà ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà ká tó ra oògùn fún un.

KÍ NI RAM?

Ẹ fi kọ̀ǹpútà wé ìsọ̀ ọjà. Àtẹ tó wà níwájú ìsọ̀ ni RAM: ohun tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ni à ń gbé sórí rẹ̀. Yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ni disk: ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń sùn, bí ẹ bá tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ ìsọ̀ tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ni CPU. Bí àtẹ bá kún, ọmọ ìsọ̀ á máa gbé ẹrù kan padà sí yàrá kó tó rí àyè gbé òmíràn jáde. Lílọ-bíbọ̀ yìí ló ń fi àkókò ṣòfò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ fẹ àtẹ. Ṣùgbọ́n bí ìdajì àtẹ bá ṣófo, kí ni àtẹ ńlá fẹ́ ṣe?

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Fún kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí Windows 11, àyẹ̀wò yìí kò gba kọ́bọ̀ kan.

1. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò pọ̀ lọ́jọ́ ọjà: Excel, Chrome, WhatsApp. Ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀.

2. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò jáde. Ẹ tẹ Performance níbẹ̀.

3. Ẹ wo iye tó wà lábẹ́ Memory, èyí tí í ṣe RAM, àti èyí tó wà lábẹ́ Disk. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

OHUN TÍ ÀYẸ̀WÒ NÁÀ Ń SỌ

Bí Memory bá wà ní 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì wálẹ̀, àtẹ ti kún. RAM ló kù díẹ̀ káàtó. Bí Disk náà bá ga pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Lílọ-bíbọ̀ sí yàrá ẹrù ló sábà máa ń fà á.

Bí Memory bá wà ní nǹkan bí 50, ṣùgbọ́n tí Disk dúró gbọn-in sí 100, yàrá ẹrù ni ìṣòro wà. Ẹ wò ó bóyá HDD tàbí SSD ni wọ́n kọ síbẹ̀. HDD ní àwo pẹlẹbẹ tó ń yí; nínú ọ̀pọ̀ laptop, ìgbà 5,400 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó tó lè wá ohun tí ẹ béèrè rí. SSD kò ní ohun tó ń yí rárá, kíá ló ń gbé ẹrù jáde. Laptop tó ń pẹ́ kó tó jí láàárọ̀, nígbà tí ẹ kò tíì ṣí ohunkóhun, tó sì jẹ́ HDD ló wà nínú rẹ̀, SSD ló máa ń wò ó sàn.

Ká ní ìyá aláṣọ kan ní RAM GB 4, tí Memory rẹ̀ ń wà ní 94 lójoojúmọ́. Bó bá sọ ọ́ di GB 8, yóò rí ìyàtọ̀. Ká sì ní bàbá oníṣìmẹ́ńtì kan ní GB 8 pẹ̀lú HDD, Memory wà ní 48, Disk wà ní 100. Bó sọ RAM di GB 16, bákan náà ni yóò máa rí. Owó ti lọ, ìgbín ṣì ń wọ́.

Bí méjèèjì kò bá ga ńkọ́? Ẹ wo CPU. Bí ó bá ga, ẹ tẹ Processes kí ẹ rí ohun tó ń jẹ ẹ́. Bí abẹ́ laptop bá ń gbóná jù, ó lè jẹ́ pé eruku ti dí fáànù rẹ̀. CPU a sì máa dín eré kù kó má bàa bàjẹ́. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń falẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ bi.

KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba owó: nínú Task Manager, ẹ tẹ Startup, kí ẹ dá àwọn ohun tí ẹ kò lò dúró, kí wọ́n má máa bá kọ̀ǹpútà jí.

Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá laptop yín gba RAM mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ laptop fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni MacBook Air ti rí láti ọdún 2008 tó ti jáde.

DDR3, DDR4 àti DDR5 kò wọ ojú ihò ara wọn. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá ti fi sí i tán, ẹ ní kí wọ́n ṣí Task Manager níṣojú yín, kí ẹ fi ojú yín rí i pé 4 ti di 8.

Windows tó jẹ́ 32-bit kò lè lò ju GB 4 lọ. Microsoft sì ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Bí CPU laptop yín bá ti pẹ́ jù fún Windows 11, RAM kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Irú èyí, ó lè sàn kí ẹ tọ́jú owó yín de òmíràn.

Bó bá jẹ́ disk ni ẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ìṣirò yín síbòmíràn. Orúkọ onígbèsè tó bá sọnù, owó ló sọnù.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kò burú láti tún irin iṣẹ́ ẹni ṣe. Ohun tí à ń wí ni pé kí àyẹ̀wò ṣíwájú owó. Ọjà á tà o.